Ìrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ lọ sí orí òkè Gangirwal: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń ti Àbújá lọ

Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà kò sí ní Jos, kò sì sí ní Ìdànrè. Ìpínlẹ̀ Taraba ló wà, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, nínú ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti. Àwọn kan ń pè é ní Gangirwal, àwọn mìíràn ń pè é ní Chappal Waddi, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2,419 sí ojú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ dé orí rẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mélòó kan, yóò sì ru oúnjẹ, ibùsùn àti aṣọ òtútù rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí kò sí òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kò sí ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kò lè gùn ún. Àwa Yorùbá tí a fi Àbújá ṣe ilé, àti àwọn ènìyàn wa tó wà káàkiri Òkè Ọya, la sún mọ́ òkè yìí ju àwọn ará ilé lọ, ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí láti ibi tí a wà.

Gíga òkè náà kọ́ ni ewu rẹ̀, jíjìnnà rẹ̀ sí ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rọ́ ní Wuse yóò ti dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹsẹ̀ rọ́ níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀, tí fóònù kò sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti sọ ìrìn gbogbo ẹgbẹ́ di iṣẹ́ gbígbé aláìsàn fún odidi ọjọ́ kan tàbí méjì. Ohun tí mo bá ní kí ẹ ṣe nísàlẹ̀ yìí, tó bá dà bí àṣejù lójú yín, ẹ rántí pé kò sí ẹni tí ẹ óò ké sí níbẹ̀ ju ara yín lọ.

Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó ra bàtà

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò, kí olúkúlùkù ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, èyíinì ni bóyá AA ni, tàbí AS, tàbí SS, tàbí SC, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń darí ẹgbẹ́. Láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ òkè gígùn, nítorí nínú ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ AS. Ní gíga mítà 2,400, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn tó wà nínú èémí kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí à ń mí ní etí òkun lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò ní mọ̀ ju pé òun ń mí kíákíá lọ. Ṣùgbọ́n àìtó ọ́síjìn, òtútù àti àìtó omi lára wà lára àwọn ohun tó máa ń ta àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pé sórí òkè yìí. Nítorí náà, kí ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, èyíinì ni ẹni tó ní àrùn náà, má ṣe lọ. N kò rí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbé èyí gbà. Ẹni tó jẹ́ AS lè lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gun òkè láìsí wàhálà, àmọ́ kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó má bá ẹnikẹ́ni du ipò iwájú, bí ìrora líle bá sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ní apá òsì, kí wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò tíì ká, àrùn ọkàn, ikọ́ fée (ásímà) tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí tó lóyún, kí ó gbọ́ tẹnu dókítà rẹ̀ kó tó fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè fún oògùn tó ń dènà ibà, nítorí ẹ̀fọn pọ̀ ní àfonífojì tí ẹ óò kọ́kọ́ gbà kọjá bí òkè tilẹ̀ tutù. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú bí ẹ kò bá tíì gbà á rí, kí ẹ sì tún gba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ gbà á. Ní etí àwọn odò Taraba, àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké kan wà tó ń ṣán ènìyàn lọ́sàn-án, àwọn ló sì ń gbé kòkòrò àrùn tó ń fọ́ni lójú kiri. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò gígùn ni ààbò tó dára jù sí wọn.

Àsìkò

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni kí ẹ fojú sí, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì. Lágbègbè Mambilla, ìtẹ́jú gíga tó wà ní Taraba, àti àwọn òkè tó yí i ká, òjò máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ju ti Àbújá lọ. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn odò inú ọgbà á kún, ilẹ̀ á máa yọ̀, àrá á sì máa sán lórí àwọn ìtẹ́jú tí kò ní igi. Lójú tèmi, ìparí oṣù kọkànlá sí àárín oṣù kejìlá ló dára jù: odò ti fà, koríko ṣì tutù díẹ̀, ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run débi tí ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́rin rìn yóò dé góńgó òkè láìrí nǹkan kan.

Ẹ má ṣe fi ooru Àbújá díwọ̀n òkè yìí. Bí a bá ti gun mítà 1,000, ooru máa ń dín kù ní nǹkan bí dígírì 6 tàbí 7. Gíga Àbújá kò ju nǹkan bí mítà 450 lọ, nítorí náà, bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Gwarinpa bá jẹ́ dígírì 20, góńgó Gangirwal lè jẹ́ 7 tàbí kí ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ sí i, kí afẹ́fẹ́ tó wá fẹ́ lé e.

Ìdánrawò

Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa rìn fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín dípò ẹ̀rọ agbéniròkè. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé báàgì tó wúwo tó kílò 5 kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ máa fi kílò kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi tó ohun tí ẹ óò rù gan-an. Òkè Katampe, àwọn òkè Mpape àti ti Bwari tó fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì mú ọmọ àdúgbò tó mọ ibi tí kò léwu dání. Àpáta Zuma kò wúlò fún ìdánrawò yìí, ògiri ni, iṣẹ́ àwọn afokùngunkè ni. Ti Aso Rock, tó wà lẹ́yìn ilé Ààrẹ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò ní bá yín ṣeré.

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ sí Jos ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ gun àwọn òkè Shere, tí góńgó wọn ga tó nǹkan bí mítà 1,829, kí ẹ sì sùn síbẹ̀ ní alẹ́ kan nínú àgọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òkè gígùn. Alẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo àtẹ̀gùn tí ẹ ti gùn lọ. Ẹ pa àgọ́ nínú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì orí, ẹ se oúnjẹ lórí sítóòfù tí ẹ óò gbé lọ, ẹ wọ aṣọ tí ẹ rò pé ó tó, kí ẹ sì rí i bóyá ó tó lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ìlú Jos ni ó yẹ kí sítóòfù yín ti kọ́kọ́ ya aláìgbọràn, kì í ṣe lórí Gangirwal.

Ìwé àṣẹ, ọ̀nà àti àwọn ẹni tí ẹ óò kí

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ Gashaka-Gumti láìgba àṣẹ. Ọdún 1991 ni wọ́n pa igbó ẹranko méjì, Gashaka àti Gumti, pọ̀ di ọgbà kan, ó sì tóbi ju gbogbo ọgbà irú rẹ̀ lọ ní Nàìjíríà, nítorí ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 6,700 níbùú lóròó. Olú iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ wà ní Àbújá níbí, ọ́fíìsì ọgbà náà fúnra rẹ̀ sì wà ní ìlú Serti ní Taraba. Ẹ kọ̀wé sí wọn ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ sọ iye ènìyàn tó ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹ óò wọlé àti ọjọ́ tí ẹ óò jáde, kí ẹ sì béèrè iye owó ìwọlé, owó ẹ̀ṣọ́ àti owó àwọn aláàárù. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà kì í ṣe ohun tí ẹ lè fò. Òun ló mọ ibi tí odò ṣeé kọjá, òun ló mọ ibi tí ẹfọ̀n ń jẹ̀, òun náà ló sì ń gbọ́ èdè àwọn tí ẹ óò bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà kò ṣeé gbójú fò. Ọ̀nà ilẹ̀ láti Àbújá gba Lafia àti Makurdi lọ sí Wukari, kó tó yà gba Bali dé Serti, àwọn apá kan nínú rẹ̀ sì ti mọ ìjínigbé àti ìjà láàárín ẹ̀yà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra, kì í ṣe oṣù tó ṣáájú, ẹ pe ọ́fíìsì ọgbà náà, ẹ pe ojúlùmọ̀ tó ń gbé ní Jalingo tàbí Wukari, kí ẹ gbọ́ bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹ má rin ìrìn òru. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, kí ẹ sùn sí ìlú ńlá kan lójú ọ̀nà. Jalingo àti Yola ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni tó bá rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀ lè ti ibẹ̀ gba ọkọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé wọn kò ní jẹ́ kó gbé gáàsì ìdáná wọnú ọkọ̀ òfurufú. Bí ẹni tí ẹ pè bá ní kí ẹ má wá, ẹ sún ìrìn náà síwájú. Òkè kò ní sá lọ.

Nínú ọgbà náà, lórí àwọn ìtẹ́jú gíga bíi Filinga àti Chappal Hendu, àwọn Fúlàní darandaran wà tí ìjọba gbà láyè láti máa gbé níbẹ̀ pẹ̀lú màlúù wọn. Olórí abúlé wọn ni wọ́n ń pè ní jauro. Bí ẹ bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, bí àlejò ṣe ń yà sí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ nílẹ̀ wa, kí ẹ jókòó, kí ẹ kí i, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó béèrè ibi tí ẹ óò pàgọ́ sí. Gooro tàbí ṣúgà díẹ̀ kì í bu ẹni tó mú un wá kù. Ẹ má ya àwòrán àwọn obìnrin wọn láìtọrọ àyè, ẹ má sì gba àárín agbo màlúù kọjá.

Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tòótọ́ dání, nítorí ààlà kò jìnnà sí góńgó òkè náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà sì lè dá yín dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ aṣọ alámì bíi ti sọ́jà. Òfin kò gbà á fún ará ìlú, ibi tí kò yẹ kí a ti ṣàlàyé ara ẹni fún sọ́jà sì ni ààlà. Dírónù náà nílò àṣẹ tirẹ̀. Ẹ fi í sílé.

Ẹrù

Kí àpapọ̀ ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó wúwo tó kílò 70, kílò 14 ni òpin tirẹ̀, omi àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé báàgì náà sórí òṣùwọ̀n nílé, ẹ má fojú díwọ̀n ọn. Kí báàgì ní bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó ń di ìdí, nítorí ìdí àti itan ló yẹ kó ru ọ̀pọ̀ ìwúwo náà, èjìká kàn ń mú un dúró ni. Ohun tó wúwo jù, bí oúnjẹ, kí ó wà láàárín, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn. Àpò ìbusùn ló ń lọ sí ìsàlẹ̀. Aṣọ òjò, omi àti oògùn ló ń wà lókè níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Jíǹsì àti àwọn aṣọ òwú máa ń fa òógùn mu, wọn kì í tètè gbẹ, aṣọ tútù lára nínú afẹ́fẹ́ òkè sì ń fa ooru kúrò lára kíákíá. Ẹ wọ pọliẹ́sítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ara, kí ẹ wọ súẹ́tà onírun tàbí ti wúùlù lé e, kí ẹ wá fi jákẹ́ẹ̀tì tí omi àti afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé bo gbogbo rẹ̀. Ẹ kò nílò láti náwó púpọ̀ sí èyí, nítorí àwọn oníòkìrìkà Wuse àti Nyanya ń ta súẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó dára gan-an, pàápàá kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ fi fìlà wúùlù, ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un, kí ọ̀kan nínú ìbọ̀sẹ̀ náà má kúrò nínú ọ̀rá títí di àkókò oorun. Àpò ìbusùn tí wọ́n kọ dígírì 5 tàbí kí ó rẹlẹ̀ sí i sí lára ni kí ẹ rà, pẹ̀lú ẹní fóòmù, nítorí ilẹ̀ ń fa ooru ju afẹ́fẹ́ lọ.

Bàtà yẹ kó bo ọrùn ẹsẹ̀, kó sì fi díẹ̀ tóbi ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, torí pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń gbá iwájú bàtà nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi bàtà náà rìn dáadáa kí ọjọ́ ìrìn tó pé. Bàtà tuntun lórí òkè, ìléròrò ló ń bí.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀: àgọ́ tó ní ìbòrí òjò, tọ́ọ̀ṣì orí pẹ̀lú bátìrì mìíràn, fèrè, ọ̀bẹ kékeré, okùn, páwà báǹkì, máàpù tí ẹ ti gbà sórí fóònù ṣáájú (GPS fóònù ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti kọ́ḿpáàsì. Nínú àpótí oògùn, kí báńdéèjì, pílásítà, oògùn apakòkòrò fún egbò, parasítámọ́ọ̀lù, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi tán lára rẹ̀) àti oògùn ibà wà níbẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí olúkúlùkù ń lò nílé.

Oúnjẹ àti omi

Ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lójoojúmọ́ nílò oúnjẹ tó pọ̀ ju ti ilé lọ dáadáa. Nǹkan bí gíráàmù 700 sí 800 oúnjẹ gbígbẹ fún ẹnì kan lóòjọ́ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ sì gbé ti ọjọ́ kan kún iye ọjọ́ tí ẹ ṣètò. Nínú èyí, Òkè Ọya ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Kílíṣí fúyẹ́, kì í bàjẹ́, ó sì kún fún agbára. Dàbínù, ẹ̀pà yíyan, kúlíkúlí àti dànkúwà ṣeé jẹ lórí ìrìn láìdúró. Ẹ fi gàrí àti ẹja gbígbẹ kún un, ẹ ti parí oúnjẹ ọ̀sán láìdáná.

Fún oúnjẹ alẹ́, ẹ rántí pé omi kì í gbóná tó ti ilé kó tó hó lórí òkè. Ní ìsàlẹ̀, dígírì 100 ló ti ń hó. Ní mítà 2,400, nǹkan bí 92 ni. Ẹ̀wà tó ń gba wákàtí kan ní Kubwa lè gba gáàsì ọjọ́ méjì tán lórí òkè kó má sì jinná. Ẹ fi ẹ̀wà àti ìrẹsì sílẹ̀. Ìndómì, kúskúsì, ògì gbígbẹ àti èlùbọ́ ló yẹ, mo sì fẹ́ gbóríyìn fún èlùbọ́ níbí, nítorí ó fúyẹ́, ó ń jinná lójú ẹsẹ̀, àmàlà gbígbóná pẹ̀lú ata gígún àti ẹja gbígbẹ sì ń mú ara gbóná ju ohunkóhun tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá aláràbarà lọ. Sítóòfù gáàsì kékeré ni kí ẹ fi dáná. Ẹ má dá iná sórí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí afẹ́fẹ́ bá gbé ẹyọ ẹ̀ṣẹ́ná kan, òkè kan lè jó tán kí ẹ tó mọ̀, ìjẹ màlúù àwọn tó gbà yín lálejò sì wà lórí rẹ̀.

Omi, lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́. Àwọn ìsun omi òkè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n màlúù ń mu nínú wọn lókè odò níbi tí ẹ kò rí. Ẹ jẹ́ kí omi hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tí ẹ bá sì ti kọjá mítà 2,000, kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ sì dúró tó àkókò tí wọ́n dá, nítorí omi tútù máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín. Àwọ̀ ìtọ̀ ni kí ẹ máa wò, bó bá ti ń pọ́n, omi kò tó.

Lórí ìrìn

Oòrùn Taraba máa ń tètè wọ̀ ju ti Àbújá lọ nítorí ìlà oòrùn ló wà. Ní oṣù kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ jí ní aago márùn-ún, kí ẹsẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ sì ti máa pàgọ́ ní aago mẹ́rin. Láti mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, ẹ ka wákàtí kan fún kìlómítà mẹ́rin, kí ẹ wá fi wákàtí kan mìíràn kún un fún mítà 500 kọ̀ọ̀kan tí ẹ óò gùn sókè. Ọ̀nà kìlómítà 12 tó ga sókè ní mítà 1,000 yóò wá jẹ́ wákàtí márùn-ún, láìka ìsinmi. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní wákàtí mẹ́ta ni, òun ń sọ ti ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù lọ ni kí ó máa ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́, kí ẹni tó lágbára jù máa kẹ́yìn. Ìwọ̀n ìrìn tó dára ni èyí tí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ń rìn ín. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ súẹ́tà bí ẹ bá ti dúró, kí ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó tún gbéra. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ń ta ènìyàn díẹ̀díẹ̀, kí ó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn gan-an, kí ẹ dúró, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ìtìjú ló ń sọ ohun kékeré di egbò.

Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ dé góńgó, ẹ fi ẹrù tó wúwo sí àgọ́, kí ẹ mú omi, oúnjẹ, aṣọ òjò, tọ́ọ̀ṣì àti oògùn nìkan. Ẹ dá aago kan kí ẹ tó gbéra, mo sábà máa ń fi í sí aago méjìlá ọ̀sán, pé bó bá lù, ibi yòówù tí ẹ bá dé, ẹ óò yí padà. Ẹni tó bá rí góńgó níwájú lẹ́yìn tí aago ti lù ni yóò mọ ìdí tó fi yẹ kí ẹ ti jọ fohùn ṣọ̀kan sí i ní òwúrọ̀. Bí ìkúùkù bá bò yín mọ́lẹ̀ tí ojú ọ̀nà kò hàn mọ́, ẹ dúró sójú kan, ẹ wọ gbogbo aṣọ yín, ẹ dúró de ìgbà tí yóò ká. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò lórí ìtẹ́jú àti lábẹ́ igi tó dá dúró, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí kòtò ilẹ̀.

Ní ti ẹranko, àwọn ìnàkí, ọ̀bọ àti ẹfọ̀n ṣì wà nínú igbó ìsàlẹ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ má sún mọ́ wọn. Ẹfọ̀n tó dá wà ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ padà sẹ́yìn, ẹ padà láìjiyàn.

Bí ilẹ̀ bá ṣú

Ẹ pàgọ́ síbi tó tẹ́jú, tí kì í ṣe ojú odò gbígbẹ, tí kì í ṣe góńgó tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí kì í sì í ṣe ojú ọ̀nà màlúù. Kí òógùn tó tutù sí yín lára, ẹ ti bọ́ aṣọ ìrìn, ẹ wọ èyí tó gbẹ. Ẹ jẹun kí ẹ tó sùn, nítorí oúnjẹ ni ara fi ń dáná òru. Ìgò tó ní omi gbígbóná nínú, tí ẹ ti dé pinpin, tí ẹ wá gbé sínú àpò ìbusùn síbi ẹsẹ̀, á gbóná di ọ̀gànjọ́. Fóònù àti páwà báǹkì náà, inú àpò ìbusùn ni, torí òtútù ń tètè fa agbára wọn. Ẹ gbọn bàtà dáadáa ní òwúrọ̀ kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìgbẹ́, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ọwọ́ kan, ní ìwọ̀n ọgọ́rin ìṣísẹ̀ sí omi, kí ẹ bò ó. Ọ̀rá àti agolo ń bá yín padà sí Àbújá.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Àìsàn òkè gíga sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí mítà 2,500, nítorí náà díẹ̀ ló kù kí Gangirwal dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹlòmíràn kó tó ga tó bẹ́ẹ̀. Orí fífọ́, èébì, òòyì àti àìfẹ́jẹun ni àmì rẹ̀. Ẹni tó bá ní orí fífọ́ nìkan, kí ó sinmi, kí ó mu omi, kó má sì gun òkè sí i títí yóò fi lọ. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, sísọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, bó bá jẹ́ òru pàápàá.

Òtútù ló ṣeé ṣe kó tètè dé ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń gbọ̀n, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di bọ́tìnì mọ́, tí ahọ́n rẹ̀ sì ń wúwo, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ wọ gbígbẹ fún un, ẹ gbé e sínú àpò ìbusùn nínú àgọ́, kí ẹ fún un ní tíì gbígbóná tó kún fún ṣúgà bó bá lè gbé e mì fúnra rẹ̀. Ẹ má fún un ní ògógóró. Ọtí máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé ara òun ń gbóná, nígbà tó jẹ́ pé ooru inú ló ń tú jáde.

Ejò pọ̀ ní ilẹ̀ gbígbóná ìsàlẹ̀ ju orí òkè lọ. Bí ó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ kàn án, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í le. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kí ó tó wú, ẹ fi igi àti báńdéèjì mú ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró bí ẹni pé egungun rẹ̀ ṣẹ́, kí ẹ má jẹ́ kó rìn, kí ẹ gbé e. Ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò nìkan ló lè wò ó. Ti Kaltungo ní ìpínlẹ̀ Gombe gbajúmọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò ní Serti ni kí ẹ ti béèrè ibi tó sún mọ́ jù tí abẹ́rẹ́ náà wà ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Bí ẹnì kan kò bá lè rìn, kí ẹnì kan dúró tì í, kí méjì bá ẹ̀ṣọ́ lọ pe ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago sí. Fún ìdí yìí, kí ẹgbẹ́ má dín ní ènìyàn mẹ́rin láìka ẹ̀ṣọ́. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi ètò ìrìn yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Àbújá, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ́fíìsì ọgbà, kí ẹ sì sọ fún un ní pàtó pé bí òun kò bá gbúròó yín títí di irú ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn.

Lẹ́yìn ìrìn

Bí ẹ bá jáde, ẹ padà lọ fi orúkọ yín hàn ní ọ́fíìsì Serti kí wọ́n má bàa máa wá yín, kí ẹ sì pe ẹni tó ń dúró de ìpè yín ní Àbújá. Ẹ parí oògùn adènà ibà yín bí dókítà ṣe kọ ọ́, nítorí àwọn kan nínú wọn ń tẹ̀síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìrìn. Bí ibà bá gbé ẹnikẹ́ni dè láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, kí ó sọ fún dókítà pé òun sùn nínú igbó Taraba.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wá ń yún un fún òkè Kamẹrúùnù, tó ju mítà 4,000 lọ, tàbí Kilimanjaro, tó ga tó mítà 5,895, òfin mìíràn ló ń bẹ níbẹ̀. Bí ó bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tó ń sùn lálẹ́ má fi ju mítà 500 lọ ga ju ibi tó sùn ní àná, kí ó sì fi odidi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó sì ti bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn àìsàn òkè gíga kó tó san owó ìrìn.